Títún ìwé ìtàn-àròsọ mi ṣe fún ìtẹ̀jáde kejì: àkọsílẹ̀ iṣẹ́

Èmi fúnra mi ni mo tẹ ìwé tí mò ń tún ṣe yìí jáde. Ìtàn ìdílé ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn ni. Bàbá kú ní 1963, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀. Ìyálé bí ọmọ mẹ́rin, Àlàbí ni àkọ́bí wọn. Ìyàwó kékeré bí Àkànní nìkan. Bí wọ́n bá fi ìdí-igi pín ogún, ìyẹn ní iye ìyàwó, ìdajì agbo-ilé àti ìdajì òfì di ti Àkànní. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ìyẹn ní iye ọmọ, ìdá kan nínú márùn-ún ni tirẹ̀. Gbogbo ìjà inú ìwé náà, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dá lé.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti tán nílẹ̀. Àwọn tó ń bá mi tà á ń béèrè òmíràn, mo sì ti pinnu pé n kò ní dá fáìlì àtijọ́ padà sọ́dọ̀ atẹ̀wé bó ṣe wà. Àǹfààní ńlá tó wà nínú kí ènìyàn tẹ ìwé ara rẹ̀ jáde nìyí: owó ara rẹ̀ ló ń ná, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ohun tó ti jáde ti jáde nìyẹn. Mo lè tú ìwé náà palẹ̀ kí n tún un tò, mo sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ní àmì ìsàlẹ̀ lára ẹ, ọ àti ṣ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àmì ohùn tó wà nínú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo sílébù ló máa gba àmì tó tọ́ sí i. Ohun tí mo sì fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń tún ìwé Yorùbá ṣe ni pé àmì ohùn yìí ló tún ìtàn náà ṣe jù. Àwọn ìmọ̀ràn tí mo kà nípa títún ìwé kọ kò mẹ́nu bà á, kò sì yani lẹ́nu, nítorí èdè tí wọ́n fi kọ wọ́n kì í lo àmì ohùn.

Káàdì lórí ilẹ̀ pálọ̀

Kí n tó fọwọ́ kan gbólóhùn kankan, mo kọ orí kọ̀ọ̀kan sí káàdì kan: ta ló wà níbẹ̀, kí ló ń wá, kí ló ti yí padà nígbà tí orí náà fi parí. Mo tẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀ ní pálọ̀, mo ń rìn láàárín wọn. Orí tí n kò bá rí ohun tó yí padà nínú rẹ̀, mo fi bíró pupa sàmì sí i.

Mẹ́ta nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ ló gba bíró pupa: ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó, ìtàn bí iṣẹ́ òfì ṣe wọ ìdílé náà, àti oríkì tó gùn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọ̀rọ̀ dídùn ni gbogbo wọn, ẹlòmíràn yóò tilẹ̀ sọ pé àwọn ni iyì ìwé náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fẹ́ ohunkóhun nínú wọn. Mo kó wọn lọ sínú fáìlì mìíràn. Oríkì nìkan ló padà wálé, ó sì gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ni, Ìyálé ń ki òkú, ó ń ki àwọn ọmọ òkú lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú àlejò. Ó ki mẹ́rin, ó dákẹ́. Ẹni karùn-ún dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́. N kò nílò láti ṣàlàyé fún òǹkàwé mọ́ pé ilé náà ti pín.

Ọdún 1963 kò yí padà, ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi yan ọdún náà ti wá fara hàn kíákíá. Ní 1962 ni ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, ẹjọ́ ogún ìdílé kan ní Èkó, dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn fún Nàìjíríà nígbà náà. Ohun tí ẹjọ́ náà fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́, pé olórí ẹbí sì lè yan orí-ò-jorí bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí pípín. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, orí kẹtàdínlógún ni lọ́yà ti mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti jà tán. Mo ti gbé e wá sí orí kẹta. Tí òǹkàwé bá ti mọ̀ pé ẹnu olórí ẹbí ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ wà, gbogbo ìgbà tí bàbá arúgbó yẹn bá wúkọ́ ni yóò máa dẹ etí.

Òkúta tó ń rìn

Mo mú orí karùn-ún lọ sọ́dọ̀ bàbá ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn, mo kà á sókè fún wọn bí wọ́n ṣe ń hun. Ibẹ̀ ni Àlàbí àti Àkànní ti kọ́kọ́ tahùn síra wọn, Àkànní lórí òfì, Àlàbí ní ìdúró. Bàbá ò dá mi lẹ́kun títí mo fi kà á tán. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ìjà yìí le. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń jà, ṣé òkúta wọn ò kúrò lójú kan ni?"

Wọ́n fi hàn mí. Aṣọ òfì ọkùnrin tín-ín-rín, bí ínṣì 4 ni fífẹ̀ rẹ̀. Òwú tó wà níwájú ahunṣọ nà lọ gbọọrọ lórí ilẹ̀, ìpẹ̀kun rẹ̀ sì wà lára ohun kan tí wọ́n gbé òkúta lé lórí kí òwú náà lè le dáadáa. Bí ahunṣọ bá ṣe ń hun, tó ń ká aṣọ tó ti parí sọ́dọ̀ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Aago tí orí karùn-ún nílò nìyẹn.

Mo pa "lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀" rẹ́, mo pa "nígbà tó ṣe" rẹ́, mo pa "kò pẹ́ kò jìnnà" rẹ́. Nígbà tí Àlàbí dé, òkúta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tó dárúkọ ìyá Àkànní, òkúta ti kọjá ìdí igi. Àkànní kò gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Nígbà tí Àlàbí sọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kó padà, òkúta ti dé iwájú ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀, òwú ti tán, kò sì sí iṣẹ́ tí Àkànní lè fi bojú mọ́.

Òfì obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Òòró ni ó wà, ó fara ti ògiri, aṣọ rẹ̀ fẹ̀, kíjìpá ni wọ́n ń hun lórí rẹ̀, kò sì ní òkúta tó ń rìn. Nítorí náà mo kó gbogbo ibi tí ìyá Àkànní ti ń rántí ìgbà àtijọ́ wá sí ìdí òfì tirẹ̀, níbi tí òǹkàwé kò ti ní ka wákàtí. Sányán, ẹtù àti àlàárì, àwọn oríṣi aṣọ òfì tí mo ń dárúkọ ní gbogbo ojú ìwé tẹ́lẹ̀, ti dín kù gidigidi. Sányán ti di aṣọ kan ṣoṣo nínú ìwé náà: èyí tí wọ́n fi tẹ́ òkú.

Ta ni "wọ́n"?

Ẹni tó bá ń kọ ìtàn ní Yorùbá mọ ìnira yìí. "Ó" kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. "Wọ́n" lè jẹ́ àgbà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ ogún ènìyàn. Ní ìpàdé ẹbí orí kẹsàn-án, olórí ẹbí wà níbẹ̀, àwọn àbúrò wọn wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé wà níbẹ̀. "Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn ò gbà." Ta ló dìde? Lẹ́nu, ojú ni a ó fi mọ̀. Lórí ìwé, òǹkàwé á padà sẹ́yìn lọ wá a.

Mo kọ́kọ́ ń pe oyè ní gbogbo ìgbà, Bàbá Olórí Ẹbí báyìí, Bàbá Olórí Ẹbí bọ́hùn-ún, ó sì sú ẹnu. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé kí àgbà kọ̀ọ̀kan ní nǹkan lọ́wọ́ tàbí ìṣe kan: ẹni tó di abẹ̀bẹ̀ mú, ẹni tó ń jẹ obì, ẹni tó máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Tí abẹ̀bẹ̀ bá ti dúró, òǹkàwé ti mọ ẹni tí "wọ́n" jẹ́. Bí wọ́n bá pọ̀, mo kọ "gbogbo wọn" tàbí "àwọn ìyàwó ilé", mo sì lọ.

Níbi iṣẹ́ yìí ni mo ti rí ohun kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ọmọ agbo-ilé náà ni asọ̀tàn, kò gbọ́dọ̀ pe olórí ẹbí ní "ó". Ó ń pè wọ́n ní "wọ́n" láti orí kìíní. Ní orí kejìdínlógún, ó rí wọn níbi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ Àlàbí lẹ́yìn ilé. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ó". Láti ibẹ̀ títí dé òpin ìwé, "ó" ni. N kò fi ọ̀rọ̀ kankan ṣàlàyé rẹ̀.

Àmì ohùn

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo ń ka orí kan sínú fóònù pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nílé, kì í ṣe ohùn oníròyìn. Lẹ́yìn náà mo jókòó ti bébà, mo ń gbọ́ ohun tí mo kà, mo ń fi lẹ́ẹ̀dì sàmì. Ibi tí ohùn mi bá ti kọsẹ̀, n kò fi àmì kankan síbẹ̀; mo tún gbólóhùn náà kọ ná. Ẹ̀yìn èyí ni mo tó ń lọ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ tó ń falẹ̀ ni, ìfalẹ̀ rẹ̀ sì ni mo fẹ́. Ojú òǹkọ̀wé máa ń fo gbólóhùn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di dandan kí n pinnu bóyá òkè, ìsàlẹ̀ tàbí àárín ni sílébù kan, n kò lè fò ó.

Ẹ wo orí kọkànlá. Àárín agbo-ilé, ẹbí pé. Àlàbí ti ní kí Àkànní kó ẹrù rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ, àbúrò bàbá wọn obìnrin, dìde, ó sọ gbólóhùn kan péré. Bí ó ṣe wà nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ nìyí: "Ile baba rẹ ni." Mo gbé lẹ́ẹ̀dì lé e, ọwọ́ mi dúró. Bí ó bá jẹ́ "ilé bàbá rẹ ni", Àkànní ló ń bá sọ̀rọ̀: má lọ, jókòó. Ìtùnú ni. Bí ó bá jẹ́ "ilé bàbá rẹ̀ ni", Àlàbí ló kọjú sí lójú gbogbo ẹbí, ó sì ti dúró ti ẹni tí kò ní ọmọ ìyá nínú ilé náà. Àwọn òǹkàwé ti bá mi sọ̀rọ̀ lórí gbólóhùn yìí rí, oníkálukú mú ọ̀nà tirẹ̀, ìtàn náà sì gba méjèèjì láyè nítorí kò tíì sí ẹni tó yan ọ̀kan.

Mo fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí i, ó di "rẹ̀". Àmì kan yẹn tú orí kejìlá ká pátápátá. Tẹ́lẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́kọ gbé ẹ̀kọ wá fún Àlàbí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó bá sọ "ilé bàbá rẹ̀ ni" lójú àgbájọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Nísinsìnyí, ilẹ̀ mọ́, ẹ̀kọ kò dé. Àlàbí rán ọmọ kan lọ béèrè, ọmọ náà padà pẹ̀lú abọ́ òfìfo, ó gbé e kalẹ̀, ó sá lọ ṣeré. Orí kẹrìndínlógún náà yí padà: nígbà tí olórí ẹbí béèrè ẹni tó wà lẹ́yìn Àkànní, gbogbo ojú ti wà lára Ìyá Ẹlẹ́kọ kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀.

Irú rẹ̀ pọ̀ ní orí kẹrìnlá, níbi tí wọ́n ti ń wá lẹ́tà bàbá. "O mọ ibi tó wà" àti "ó mọ ibi tó wà" kì í ṣe ẹ̀sùn kan náà, wọn kì í sì í jáde lẹ́nu ẹni kan náà.

Mo tún ya ohùn asọ̀tàn sọ́tọ̀. Asọ̀tàn ń lo "n kò" àti "yóò"; àwọn ènìyàn inú ìtàn ń lo "mi ò" àti "máa". Ìyàwó Àlàbí, tó wá láti Iléṣà, ń sọ èdè abínibí rẹ̀ láti òkè délẹ̀ nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Mo dín in kù. Yorùbá tí gbogbo ilé ń sọ ló ń sọ báyìí, àfi nígbà tí inú bá bí i, nígbà náà ni "ulé" àti "uṣẹ́" á já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, òǹkàwé náà á tètè mọ̀ ọ́n.

Inú kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé "ẹ́" kò ní ààyè tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. "Ẹ" nìkan ló ní in, nọ́ńbà rẹ̀ ni U+1EB9 fún lẹ́tà kékeré. Àmì ohùn òkè, U+0301, ni a ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kíbọọ̀dù mìíràn á kọ́kọ́ kọ "é", á wá lẹ àmì abẹ́ lẹ́tà mọ́ ọn. Lójú, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Bí kọ̀ǹpútà bá ń wá ọ̀rọ̀, ó lè rí ọ̀kan kó má rí èkejì. Orí tí mo tẹ̀ lórí fóònù àti èyí tí mo tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kò bára mu rárá, orúkọ ènìyàn kan náà sì wà lọ́nà méjì nínú fáìlì kan. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí a sọ gbogbo fáìlì di NFC, ìyẹn ọ̀nà kan ṣoṣo tí Unicode là sílẹ̀ fún títo lẹ́tà àti àmì pọ̀. Ìlà kan nínú Python, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, `unicodedata.normalize("NFC", ...)`, ṣe é tán. Ẹ ṣe é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀.

Pípààrọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú gbogbo ìwé léwu fún ìwé mi ní pàtó, nítorí lẹ́tà bàbá. 1957 ni bàbá kọ ọ́, ilé-ìwé ìjọ ló sì ti kọ́ ìwé. Àkọtọ́ tí à ń lò báyìí, 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Nítorí náà bàbá kọ "aiye", ó kọ "enia", ó kọ "nwọn", ó kọ "obirin", kò sì fi àmì ohùn sí i. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ wúlò fún ìtàn: lẹ́tà náà ní "ile baba rẹ" nínú, lọ́yà méjì sì kà á lọ́nà méjì níwájú adájọ́. Mo gé lẹ́tà náà kúrò nínú fáìlì ńlá, mo tọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀, ìgbà tí gbogbo pípààrọ̀ bá parí ni yóò padà sí ààyè rẹ̀.

Òwe

Mo ń ka iṣẹ́ náà fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n kọ́ni ní Yorùbá títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ní orí keje, wọ́n gbọ́wọ́ sókè. "Ọmọ yìí, ọmọ ọdún mélòó ni Àkànní?" Mo ní mọ́kànlélógún, mà. "Ó ti pa òwe mẹ́ta níwájú àwọn bàbá rẹ̀, kò sọ pé tótó ó ṣe bí òwe. Kò sì sẹ́ni tó bá a wí?"

Mo yọ gbogbo òwe kúrò lẹ́nu Àkànní, mo sì yọ púpọ̀ kúrò lẹ́nu asọ̀tàn, ẹni tó ń fi òwe parí ìpínrọ̀ bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Òwe wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà báyìí, ó sì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyọ kan ni mo fi sílẹ̀ fún Àkànní, ní ìpàdé orí kẹsàn-án. Ó pa á, kò tọrọ gáfárà. Abẹ̀bẹ̀ dúró. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé yóò rí òmíràn pa.

Ojú ìwé àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé

Àmì lókè àti àmì nísàlẹ̀ ń gbá ara wọn bí ìlà bá sún mọ́ra jù. Mo ń lo fọ́ǹtì Charis SIL, ọ̀fẹ́ ni, àmì rẹ̀ sì ń jókòó sí àárín lẹ́tà. Àwọn fọ́ǹtì mìíràn máa ń gbé àmì ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́tà jẹ́ pọ́íǹtì 11, ìlà sí ìlà jẹ́ pọ́íǹtì 15.5, bébà sì jẹ́ A5. Ìwé náà fẹ̀ nítorí ààyè láàárín ìlà, ṣùgbọ́n orí tí mo yọ dí i. Ojú ìwé 16 ló máa ń bọ́ sí bébà ńlá kan tí atẹ̀wé ń ṣẹ́, mo sì ti fà á títí ó fi jókòó sí 272, tó jẹ́ ìlọ́po 16 gẹ́lẹ́.

Àwọn atẹ̀wé kan ní Ṣómólú, l'Ékòó, máa ń ṣí PDF nínú CorelDRAW, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè tò ó. Bí fọ́ǹtì náà kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà wọn, òmíràn á gba ipò rẹ̀, àmì á sì fò lọ. Ẹ lẹ fọ́ǹtì mọ́ inú PDF, ẹ gbé fọ́ǹtì náà fún wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì béèrè fún ẹ̀dà àyẹ̀wò lórí bébà kí wọ́n tó tẹ ẹyọ kan. Ojú ìwé tí mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni ti orí kọkànlá. Bí àmì ohùn ìsàlẹ̀ bá wà lórí "rẹ̀" yẹn, mo tó ń wo ìyókù.

Àtúnṣe tó pọ̀ tó báyìí ti di ìtẹ̀jáde tuntun, nítorí náà ó gba ISBN tuntun, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, láti National Library of Nigeria, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978. EPUB, ẹ̀dà tí a ń kà lórí fóònù, gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ìwé bá sì ti jáde, òfin ní kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn láàárín oṣù kan.

Orí ogún àti orí kọkànlélógún ló kù tí n kò tíì kà sínú fóònù. Nínú EPUB, mo ti lẹ fọ́ǹtì mọ́ ọn, ó ń ṣí dáadáa lórí fóònù mi. Mo fẹ́ dán an wò lórí fóònù àtijọ́ kan tàbí méjì kí n tó gbé e síta, nítorí irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí mi fi ń kàwé.